Ṣé inú ìṣètò o-minimal kan náà ni èsì íńtẹ́gírà máa ń wà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ìṣètò o-minimal kan lórí nọ́ńbà gidi (àkójọ sẹ́ẹ̀tì àti fọ́ńṣọ̀n tí a lè ṣàpèjúwe, tí kò fàyè gba ohun tó rí wúruwùru) ni mo ti ń ṣe ìwádìí mi. Ṣé dandan ni kí n máa fi ẹ̀rí hàn nígbà gbogbo pé sẹ́ẹ̀tì mi ṣeé wọ̀n? Bí mo bá sì ṣe íńtẹ́gírà fọ́ńṣọ̀n tó wà nínú ìṣètò náà, ṣé ibẹ̀ náà ni èsì rẹ̀ máa wà?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́. Lórí ìlà nọ́ńbà, ohunkóhun tí ìṣètò o-minimal bá lè ṣàpèjúwe kò ju àmì àti ègé ìlà lọ, iye wọn sì lópin. Bí ẹ bá gòkè lọ sí Rⁿ, àyè oní-ìhà n, ẹ lè gé sẹ́ẹ̀tì yín sí sẹ́ẹ̀lì (ègé tó rọrùn) tí iye wọn lópin, gbogbo wọn ni ìwọ̀n Lebesgue, ọ̀nà tí a fi ń wọn gígùn, fífẹ̀ tàbí àyè inú nǹkan, sì gbà. Ẹ mẹ́nu ba gígé yìí lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ nìyí: bí bọ́ọ̀lù kankan, bó ti wù kó kéré tó, kò bá lè wọ inú sẹ́ẹ̀tì náà, òdo ni ìwọ̀n rẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì Cantor tó sanra, tí ìwọ̀n rẹ̀ ju òdo lọ síbẹ̀ tí kò ní ègé ìlà kankan nínú, kò lè yọjú níbí láé.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni ìbéèrè kejì. Ẹ mú ìṣètò semialgebraic, níbi tó jẹ́ pé pólínọ́míà nìkan la fi ń ṣàpèjúwe nǹkan. 1/t wà níbẹ̀. Ẹ ṣe íńtẹ́gírà rẹ̀ láti 1 dé x: log x lẹ máa rí. Bí x bá ń tóbi lọ, fọ́ńṣọ̀n semialgebraic tí kò bá di òdo gbọ́dọ̀ máa rìn bíi c·x^q, tí q jẹ́ ìdá. Log x ń ga láìlópin, síbẹ̀ kò sí q tó ju òdo lọ tí x^q kò ní fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí q tó bá a mu, nítorí náà ó ti jáde.

Ó jáde, ṣùgbọ́n kò sọnù. Lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ ìṣirò Comte, Lion àti Rolin fi hàn pé bí fọ́ńṣọ̀n yín bá jẹ́ globally subanalytic (èyí tí a lè fi pólínọ́míà àti fọ́ńṣọ̀n analytic lórí àpótí tó lópin ṣàpèjúwe), fọ́ńṣọ̀n irú yẹn àti log wọn, tí a rò pọ̀ tí a sì sọ di púpọ̀, ni èsì máa jẹ́. R_an,exp, ìṣètò o-minimal tó ní irú fọ́ńṣọ̀n yẹn àti e^x nínú, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ má wá rò pé R_an,exp fúnra rẹ̀ ti pé o: íńtẹ́gírà e^(t²) láti 0 dé x kò sí nínú rẹ̀. Pfaffian closure, ìṣètò tó gbòòrò sí i tí onímọ̀ ìṣirò Speissegger gbé jáde lọ́dún 1999, ló ń gba irú èyí, ó sì ṣì jẹ́ o-minimal. Ṣùgbọ́n t nìkan ló gbọ́dọ̀ máa yí padà nínú fọ́ńṣọ̀n yín. Bí nọ́ńbà mìíràn bá tún ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má gbára lé e.