Ẹ má tì í mọ́lé kẹ́ ẹ gba ọtí lọ́wọ́ ẹ̀ lójijì

Àǹtí mi, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, pé àbúrò yín tó ń gun ọ̀kadà ń mu ọtí ṣẹ̀pẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó tún ń fi tramadol, wóró tó ń pa ìrora, lé e, bàbá sì ti bá wòlíì kan sọ ọ́ pé kí wọ́n wá fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é lọ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wá ń béèrè ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, àti pé tó bá padà dé ṣé kẹ́ ẹ dá ọ̀kadà ẹ̀ padà fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá bàbá dúró ná. Mi ò ní kí wọ́n má gbàdúrà o, màmá mi ṣì ń gbààwẹ̀ lórí tèmi títí dòní. Ìdè yẹn ni mò ń sọ. Ẹni tó ti ń mutí lójoojúmọ́ láti ọdún mélòó kan, kó ṣàdédé má rí ọtí mọ́ níbi tí ò sí dókítà, ó lè kú síbẹ̀. Tramadol náà máa jẹ ẹ́ níyà tó bá ṣíwọ́, ìyà gidi, ṣùgbọ́n ọtí yẹn lẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù jù, àwa kì í sì í bẹ̀rù ẹ̀ torí gbogbo èèyàn ló ń mu ún.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, wọ́n ti dè mí rí. Ìlú kékeré ni tiwa náà, lápá Yewa ńbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí a ò pọ̀, tí mo bá fi dárúkọ ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kílẹ̀ tó mọ́ ẹnìkan á ti pe màmá mi. Ọ̀kadà lèmi náà ń gùn, mò ń kó àwọn alájàpá àti àpò gàrí láti abúlé wá sọ́jà, ọ̀nà ò dáa, ẹ̀yìn a máa ro mí bí ẹni pé wọ́n fi ọmọ odó gún un. Ẹnìkan ní páàkì ló fún mi ní wóró kan, ó ní gbé e mì, o ò ní mọ̀ pé o ṣiṣẹ́. Òótọ́ ló sọ, mi ò mọ̀. Ohun tí ò sọ ni pé tó bá fi máa di oṣù kẹta, mi ò ní lè dìde lórí ẹní láìlò ó. Ṣáájú ìyẹn, omi ìkọ́ oní-kódíìnì la máa ń pò mọ́ mínírà, nígbà tí ìjọba fòfin dè é ní 2018 owó ẹ̀ fò sókè, gbogbo wa bá rọ́ lọ sídìí tramadol. Èyí tí NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oògùn, fọwọ́ sí ò ju mílígíráàmù 100 lọ, èyí táwa ń rà, 225 ni wọ́n kọ sára ẹ̀, inú àpò ṣòkòtò ọmọkùnrin kan ló sì ti ń jáde, kì í ṣe kẹ́místì.

Tramadol yẹn kì í jẹ́ kí n sùn, ìyẹn ló gbé mi dé ìdí ìyá alágbo ní oríta wa. Ọ̀pá ẹ̀yìn, jẹ̀dí, kò sí èyí tí wọn ò fi ọtí rẹ. Ife kékeré kan lálẹ́, ó di méjì, nígbà tó yá aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti wà ńbẹ̀, torí ọwọ́ mi á máa gbọ̀n débi pé kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà ò ní wọ ojú ihò ẹ̀, màá máa fi ha irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kírì kírì, àfi tí mo bá kọ́kọ́ gbé ọ̀kan dà sọ́fun. Ẹ wo ọwọ́ àbúrò yín láàárọ̀ kó tó mu nǹkankan. Tó bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó bá mu ún tán tó wá balẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dè é síbì kankan tí kì í ṣe ọsibítù.

Tèmi, ilé àdúrà kan ni wọ́n gbé mi lọ, wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì so ẹsẹ̀ mi mọ́ irin fèrèsé. Ọjọ́ kìíní mò ń yán, mò ń yán bí ẹni tí ò sùn látọdún tó kọjá, imú ń dà, inú ń run mí, egungun ń ro mí, ìyẹn ni ti tramadol. Òru ọjọ́ kejì ni gìrì gbé mi. Èmi ò mọ̀ ọ́n o, wọ́n sọ fún mi ni, pé mo gé ahọ́n ara mi jẹ, mo tọ̀ sára, àwọn tó wà ńbẹ̀ sì ń pariwo pé ẹ̀mí ọ̀hún ti ń jáde. Lọ́jọ́ kẹta mò ń rí èèrùn lára ògiri, wọ́n pọ̀ bí iyanrìn, mò ń gbá wọn dànù lára mi, bí mo ṣe ń jà ni ṣẹ́ẹ̀nì ń gé mi lẹ́sẹ̀. Àpá ẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi ń bò ó.

Ìyá kan tó ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì ló gbà mí, ó wá kí àbúrò ẹ̀ tó wà ńbẹ̀. Ìbéèrè kan ló bi wọ́n, ó ní ìgbà wo lọmọ yìí mutí kẹ́yìn? Wọ́n ní ó di ijọ́ mẹ́ta. Ó ní ẹ gbé e kúrò ńbí kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́. Bí mo ṣe dé Arò, ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, nìyẹn. Bàbá mi ò kọ́kọ́ gbà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, lọ́dọ̀ wa tí wọ́n bá ti ní wọ́n gbé lágbájá lọ sí Arò, èébú ni, ìdílé yẹn ò ní rí àna fẹ́. Kò yé wa pé wọ́n ní ẹ̀ka tó jẹ́ ti àwọn tí ọtí àti oògùn ti dì mú, pé ẹni tó wà ńbẹ̀ kì í ṣe wèrè. Wọ́n fún mi labẹ́rẹ́ fítámì B1, wọ́n fún mi ní diazepam tó ń mú ara balẹ̀, wọ́n sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan èèrùn ti kúrò lára ògiri. Tẹ́ ẹ bá ń gbé tiyín lọ, ẹ kọ iye tó ń mu lójúmọ́ sínú ìwé, ẹ kọ ìgbà tó mu kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì mú páálí wóró yẹn dání, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa béèrè nìyẹn, ẹ má sì tìtorí ojú tó ń tì yín dín in kù.

Ojú yẹn gan-an, ẹ má jẹ́ kó tì yín. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2019 sọ pé àwọn tó lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan lé ní mílíọ̀nù 14, ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí ló sì pọ̀ jù, ó lé ní 22 nínú 100 àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, wọn ò tíì ka ọtí mọ́ ọn o.

Ṣùgbọ́n àǹtí, Arò ò le tó ilé. Ní Arò wọ́n ń fún èèyàn lóúnjẹ, ẹ jọ ń jókòó yíká ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ẹ́. Ìgbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńbẹ̀ ní 1954, wọ́n ní inú abúlé tó wà nítòsí ló ní káwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn, mo rò pé ó ti rí ohun tí mò ń wí yìí. Ẹni tó bá wà l'Ékòó lè kó láti Mushin lọ Ìkòròdú kó di èèyàn tuntun. Ìlú wa, oríta kan ṣoṣo ló ní, ibi tá a ti ń ra búrẹ́dì ni ìyá alágbo wà, ọmọkùnrin oníwóró jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ibẹ̀ náà la ń gbà lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ tí mo dé, kí n tó sọ̀ lórí ọ̀kadà ẹnìkan ti pariwo "Ará Arò, ẹ káàbọ̀!"

Mo tún jẹ ìyá alágbo lówó. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń kọ gbèsè sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn, orúkọ èèyàn lókè, ìlà mẹ́rin mẹ́rin lábẹ́ ẹ̀, wọ́n á fi ìkarùn-ún dábùú wọn, tèmi gùn dé ìsàlẹ̀. Nítorí ẹ̀ mo ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá fún oṣù márùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n wá rí mi, wọ́n ní "Ọkọ mi, kí lo ń sá fún, jókòó," wọ́n bu ife kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ìkà, àánú mi ló ṣe wọ́n. Mo mu ún. Lọ́sẹ̀ kejì mo ra 225 méjì, iye tí mo máa ń lò tẹ́lẹ̀, ara mi sì ti gbàgbé ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n ti gbé mi. Ẹ bá mi sọ èyí fún àbúrò yín tó bá dé: tó bá ti ṣíwọ́ fún ìgbà díẹ̀, iye tí kì í ṣe é ní nǹkankan tẹ́lẹ̀ lè pa á.

Màmá mi ló wá ṣe ohun tí bàbá ò ronú kàn. Wọ́n ta àpò làfún méjì, wọn ò kówó fún èmi, wọ́n mú un lọ bá ìyá alágbo fúnra wọn, wọ́n san án tán, wọ́n sì kúnlẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n fi bí ọdún mẹ́wàá jù lọ, wọ́n ní ẹ bá mi wò ó bí ọmọ yín. Ìyá alágbo ki àkísà bọ omi, wọ́n nu orúkọ mi kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn lójú mi, omi funfun ń ṣàn wálẹ̀ lára páákó. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra ọtí fún mi ní oríta yẹn, àwọn ni wọ́n ń lé e. Ọmọkùnrin oníwóró ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ní tiẹ̀ o, fóònù lọ̀nà ẹ̀, mo kàn ṣẹ́ síìmù mi sọnù ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí tí mi ò fẹnu kan án.

Ti ọ̀kadà, ẹ má dá a padà fún un ná. Owó ọ̀kadà, ojoojúmọ́ ló ń wọlé, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń pé lọ́wọ́, ìgbà tí ara ń béèrè gan-an nìyẹn. Èmi, ìdí ẹ̀rọ ìlọgàrí ni wọ́n fi mí sí, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọ̀gá ń sanwó, màmá mi ló sì ń bá mi gbà á fún ọdún kan gbáko, inú bí mi lójoojúmọ́ nínú ọdún yẹn. Ẹ ti ọ̀kadà yẹn mọ́ yàrá, kẹ́ ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ sílé ọkọ yín, tó bá ní kẹ́ ẹ tà á, ẹ má tà á.