Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Ó Tọ́ Kí Mùsùlùmí Tẹ Ológbò Rẹ̀ Lọ́dàá?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù, Àáfà wa. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, kò jẹ́ kí n sinmi lórí ọ̀rọ̀ ológbò. Ẹnì kan ti wá ṣèlérí láti fún wa ní abo kan nínú àwọn ọmọ tí ológbò rẹ̀ bí. Wọ́n pé ọ̀sẹ̀ 5 báyìí, ó sì ní ká wá mú un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá wọn gbà, ṣùgbọ́n ó ní tó bá dàgbà díẹ̀, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí ilé má bàa kún fún ológbò. Mo sọ ọ́ fún arábìnrin kan tí a jọ ń ké Kùránì, ó ní harámù pọ́ńbélé ni, pé yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà ni. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ẹ tún bá mi sọ èyí tó kan ìrun: tí irun rẹ̀ bá wà lára aṣọ mi ńkọ́? Tó bá yàgbẹ́ sílé, ṣé mo lè nà án? Ọmọ mi ní kí n bèèrè bóyá òun lè pè é ní Hurairah.

ÌDÁHÙN: Wa àlékúmù sàlámù wa ráhámátúlááhì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Ìyá wa, ibi tí ẹ ò bèèrè ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 5 ti kéré jù. Ọmú ìyá rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ dáadáa, ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣeré láì gé ara wọn jẹ. Bí ẹ bá mú un báyìí, ọwọ́ ọmọ yín ni yóò fi kọ́ ọ. Ẹ bẹ ẹni náà kó jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán. Tó bá lè di 12, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abdullah ọmọ Mas'ud sọ pé àwọn wà lójú ìrìn-àjò pẹ̀lú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, àwọn rí ẹyẹ kan tó ní ọmọ méjì, àwọn kó àwọn ọmọ náà. Ìyá wọn wá ń na ìyẹ́ rẹ̀, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Nígbà tí Ànábì dé, ó ní: ta ló fi ọmọ ẹyẹ yìí kó ìdààmú bá a? Ẹ dá ọmọ rẹ̀ padà fún un. Abu Dawud ló gbà á wá.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ìtẹ̀lọ́dàá. Arábìnrin yẹn kò parọ́, ẹ má bá a jà. Ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Nínú súúrà An-Nisa, ní áyà 119, Èṣù búra pé òun yóò pàṣẹ fún àwọn ènìyàn, wọn yóò sì máa yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. A rí nínú àwọn onímímọ̀ ìgbà àkọ́kọ́ tó ní títẹ ẹranko lọ́dàá ni áyà náà ń sọ. Àwọn mìíràn nínú wọn ní rárá, ẹ̀sìn Ọlọ́hun ni ohun tí wọ́n fẹ́ yí padà. Imáámù Màlíkì sì gbà á wá láti ẹnu Nafi' pé Abdullah ọmọ Umar kórìíra kí wọ́n tẹ ẹranko lọ́dàá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà lódì kejì náà. Ó wá nínú hàdíísì pé àgbò méjì tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ṣe ẹran iléyá. Bó bá jẹ́ pé ẹni ègún ni ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbò, ṣé irú ẹran yẹn ni yóò mú wá síwájú Olúwa rẹ̀, tí kò sì ní sọ nǹkan kan? Ibẹ̀ ni àwọn onímímọ̀ ti pín yà. Nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn wa, àwọn ará Hanafi ní kò sí láìfí nínú rẹ̀ fún ẹranko tí àǹfààní bá wà níbẹ̀, wọ́n sì dárúkọ ológbò gan-an. Àwọn Màlíkì gbà á fún ẹran jíjẹ nítorí ó ń mú kí ẹran sanra, wọn kò sì fẹ́ ẹ fún ẹṣin. Àwọn Shafi'i ló le jù: ẹran jíjẹ nìkan, nígbà tó bá kéré. Nínú àwọn tó sún mọ́ ìgbà tiwa, Ibn Uthaymin, tó kú lọ́dún 2001, ní tí àwọn ológbò bá pọ̀ tí wọ́n ń ni èèyàn lára, tí iṣẹ́ abẹ náà kò sì ní pa wọ́n lára, kò burú, nítorí ó sàn ju kí a máa pa wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti dáyé. Ó tún ní tí wọn kò bá ni ẹnikẹ́ni lára, oore lè wà nínú kí wọ́n máa bí sí i. Mo sọ méjèèjì kí ẹ má bàa rò pé mo ṣa èyí tó wù mí. Ti ọmọ ènìyàn yàtọ̀ o. Ànábì kọ̀ ọ́ fún Uthman ọmọ Maz'un, ọ̀kan nínú àwọn Sàhábé rẹ̀, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Èmi fúnra mi, fún ọ̀pọ̀ ọdún, èèwọ̀ ni mo máa ń pè é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dé ibi àlùwàlá mọ́sálásí wa ṣáájú ìrun àsúbáà, mo gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Páálí kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ọmọ ológbò mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ojú wọn kò tíì là, wọ́n ń ra kọjá lórí ara wọn, wọ́n ń fi ẹnu wá ọmú lára páálí. Méjì ti tutù. Nígbà tí a kírun tán, ọkùnrin kan sún mọ́ mi, kò lè wò mí lójú. Ó ní òun lòun gbé wọn wá. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yẹn tí ológbò òun bímọ, kò sí ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n mọ́, "ẹ̀yin náà lẹ sì sọ pé èèwọ̀ ni kí n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá." A fi òwú tẹ wàrà sí àwọn tó kù lẹ́nu títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí èyí tó là á já. Mo padà sídìí ìwé lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìdáhùn mi fún yín rèé: ó tọ́, bí ó bá jẹ́ dókítà ẹranko ló ṣe é, tó kun ún lóorun kí abẹ tó kan ara rẹ̀, tó sì fún un ní oògùn ìrora lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí bàbá wọn ń bẹ̀rù kì í ṣe àsọdùn. Abo ológbò lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ nígbà tó bá pé oṣù 4 péré. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 65 lọ, ó sì lè tún lóyún nígbà tó ṣì ń fún àwọn ọmọ lọ́mú. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe é láàárín oṣù 4 sí 5, kó tó wá akọ rí rárá. Ilé ẹyin àti ilé ọmọ ni wọ́n sábà máa ń yọ. Èyí ń dín ewu jẹjẹrẹ ọmú kù gan-an, kò sì sí ilé ọmọ tí yóò kún fún ọyún lọ́jọ́ alẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má jẹ́ kó máa fò sókè fún ọjọ́ 10 sí 14, ẹ má sì bọ́ ohun tí dókítà fi yí i lọ́rùn kúrò nítorí pé ẹ ń káàánú rẹ̀. Tó bá fi lá ojú ọgbẹ́ náà, á tú okùn rẹ̀. Ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù díẹ̀ nígbà tó bá yá, torí ara ológbò tí a tẹ̀ lọ́dàá kì í lo oúnjẹ tó ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tí n kò ní gbà fún yín ni kí ẹ ní kí wọ́n yọ èékánná rẹ̀ nítorí àga. Àwọn kan rò pé bíi ká gé èékánná ni. Eegun orí ọmọ ìka ni wọ́n ń gé sọ nù, ìka kọ̀ọ̀kan. Ànábì ṣépè fún ẹni tó bá ń gé ẹ̀yà ara ẹranko tó ṣì wà láàyè; Bukhari gbà á wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ Umar. Bí arábìnrin yín bá fẹ́ ibi tí yóò lo áyà yẹn sí, ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ wá igi tí ẹ fi okùn wé fún un, kó máa họ ọ́.

Kí ó tó dé, ẹ rántí obìnrin inú hàdíísì tó wọ iná nítorí ológbò. Kì í ṣe pé ó lù ú. Ó tì í mọ́lé ni, kò fún un lóúnjẹ, kò sì fi í sílẹ̀ kó lọ jẹ kòkòrò ilẹ̀. Ẹ̀yin náà fẹ́ tì í mọ́lé, ọrùn yín ni ìjẹ àti ìmu rẹ̀ wà nìyẹn. Ẹ fún un ní yàrá kan ṣoṣo fún ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, pẹ̀lú páálí tó lè sá pamọ́ sí, kí ọmọ yín jókòó sílẹ̀ dúró dè é dípò kó máa fà á jáde. Oúnjẹ ọmọ ológbò ni kí ẹ wá, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, àti omi. Ẹ má fún un ní wàrà màlúù, yóò fi yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ kó abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ nílẹ̀, torí yóò gbé òwú náà mì. Àlùbọ́sà kò dára fún un, òdòdó lílì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, hóró paracetamol kan ṣoṣo sì lè pa á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n á máa tún un gún títí di ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ bèèrè ti dìgbòlugi àti oògùn aràn pẹ̀lú.

Nínà ńkọ́? Rárá. Bí ẹ bá nà án, kò ní mọ̀ pé ìgbẹ́ ló fà á. Ẹ̀yin ni yóò máa sá fún, yóò sì lọ máa yà á sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ẹ ò ti ní rí i. Ànábì sì kọ̀ kí a lu ẹranko lójú. Ẹ bu iyanrìn sínú àwo fífẹ̀, ẹ gbé e jìnnà sí ibi oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e síbẹ̀ nígbàkígbà tó bá jẹun tán tàbí tó jí lójú oorun. Ẹ ó rí i tí yóò fi ẹsẹ̀ iwájú walẹ̀, tí yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò sì bò ó. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ìdí mìíràn rèé tí ẹ fi gbọ́dọ̀ dúró. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa kó o dànù, aboyún kò sì gbọ́dọ̀ bá yín ṣe é, nítorí àrùn kan wà nínú rẹ̀ tó lè ran ọmọ inú.

Ti ìrun kò le. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni nájísì, ìyẹn ohun àìmọ́; ẹ fọ ibi tó bá kàn. Ní ti irun rẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù bó bá wù yín, ẹ kírun yín. Itọ́ rẹ̀ náà mọ́. Kabshah, ìyàwó ọmọ Abu Qatadah, bu omi àlùwàlá fún bàbá ọkọ rẹ̀, ológbò kan dé tó fẹ́ mu níbẹ̀. Bàbá yìí kò lé e. Ńṣe ló tẹ àwo omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un títí ó fi mu tán. Ó rí i pé ìyàwó ń wo òun, ó ní ṣé ó yà ọ́ lẹ́nu ni? Ó ní Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ pé ológbò kì í ṣe nájísì, ó wà lára àwọn tó ń rìn yí yín ká. Bó bá gùn yín lẹ́yìn nígbà tí ẹ forí kanlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan gbé e sọ̀ jẹ́jẹ́. Ànábì gbé Umamah ọmọ ọmọ rẹ̀ dání nínú ìrun, á sọ̀ ọ́ sílẹ̀ tó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, á tún gbé e tó bá dìde.

Pé wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ tún mú un rọrùn, torí hàdíísì Jabir tí Imáámù Muslim gbà wá bu ẹnu àtẹ́ lu owó ológbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onímímọ̀ gbà pé títà rẹ̀ tọ́.

Ó ku Hurairah. Ẹ sọ fún ọmọ wa pé ọmọ ológbò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Abu Hurairah máa ń da ẹran àwọn ará ilé rẹ̀, ó ní ológbò kékeré kan tó máa ń gbé sórí igi lálẹ́, tí ilẹ̀ bá mọ́ á gbé e dání, á máa bá a ṣeré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá ń pe ológbò rẹ̀ ní Hurairah, Ológbò ló ń pe ológbò. Kò sí láìfí níbẹ̀.

Ọlọ́hun ló nímọ̀ jù lọ.