Ṣé káàdì tí mo bá fọwọ́ ara mi tò lè gbé géèmù Amiga jáde lórí skríìnì tuntun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Amiga 2000 mi, kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn, ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ mónítọ̀ àtijọ́ tí mò ń lò pẹ̀lú ẹ̀ ti kú. Tí mo bá so ó mọ́ tuntun, "no signal" ló kàn ń kọ. Mo wá rí i pé wọ́n gbé gbogbo fáìlì VA2000, káàdì tó ń gbé àwòrán jáde fún Amiga, sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ pé kí ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣe tiẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń jó léèdì díẹ̀. Ṣé kí n ṣe é? Ṣé àwọn géèmù mi á hàn lórí ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbéèrè tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa sọ bóyá kẹ́ ẹ tiẹ̀ tan áyọ́ọ̀nù rárá. Àwọn géèmù yẹn ò ní hàn lórí ẹ̀.

Ìdí ẹ̀ rèé. Ọ̀pọ̀ géèmù Amiga kì í bá ètò kọ̀ǹpútà sọ nǹkan kan, wọ́n máa ń lọ bá Agnus àti Denise, àwọn chip tó ń bójú tó àwòrán nínú Amiga, tààrà ni, wọ́n á kọ nọ́mbà sínú wọn, Denise á sì ya àwòrán gba ojú ihò RGB ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà jáde. VA2000 jókòó sínú slot Zorro, ihò tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ nínú Amiga, níbòmíràn, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé géèmù ń lọ. Iṣẹ́ tó máa ń dé ọwọ́ ẹ̀ ni ti àwọn prógíráàmù tó gba ọ̀dọ̀ Picasso96, ètò tó ń darí irú káàdì yìí, kọjá: Workbench (ojú iṣẹ́ Amiga), ohun tí wọ́n fi ń wo fọ́tò, ohun tí wọ́n fi ń ya àwòrán, irú wọn. Ojú ọ̀nà méjì ló máa wà fún àwòrán lára kọ̀ǹpútà kan náà, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbà lẹ máa kọ́kọ́ pinnu.

"No signal" yẹn náà, kì í ṣe pé nǹkan kan bàjẹ́ o. Amiga PAL ń ya ìlà 15,625 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mónítọ̀ VGA sì ń retí nǹkan bíi 31,000, ìyẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra yé. Tó bá jẹ́ géèmù ló ń jẹ yín lọ́kàn, RGBtoHDMI, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń sọ àwòrán Amiga di HDMI, ni kẹ́ ẹ ṣe, òun náà open source ni, ó sì rọrùn ju VA2000 lọ fíìfíì. Ẹ máa yọ Denise kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi bọ́ọ̀dù kékeré yẹn síbẹ̀, ẹ dá Denise padà sórí ẹ̀, ẹ wá so Raspberry Pi Zero (kọ̀ǹpútà kékeré kan) mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé inú wáyà 12 tó ń ti Denise jáde ló ti ń mú àwọ̀, mẹ́rin pupa, mẹ́rin àwọ̀ ewé, mẹ́rin búlúù, kó tó di pé wọ́n sọ ọ́ di analog, torí náà àwọ̀ 4,096 yẹn á jáde bó ṣe wà gan-an, kò sí pé ó ṣú tàbí pé ó ń gbọ̀n. Ẹ wo bí àyè ṣe wà lórí Denise kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan. Ẹni tó bá ní Amiga 1200 (A1200) tàbí A4000 ò lè lo irú ẹ̀ yìí o, chip tiwọn yàtọ̀.

Ká wá ní Workbench tó fẹ̀ tó sì láwọ̀ lẹ fẹ́, VA2000 dáa. MNT Research ní Berlin ló ṣe é, tí wọ́n gbé àwòrán bọ́ọ̀dù, kóòdù inú FPGA (chip tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tó máa ṣe sínú ẹ̀) àti driver (prógíráàmù tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì) sílẹ̀. Àmọ́ Picasso96 ń fẹ́ processor 68020 sókè, 68000 tó bá A2000 wá ò tó, ẹ máa nílò accelerator, ìyẹn káàdì tó ní processor tó lágbára jù ú lọ. Ẹ tún gbọ́ èyí: nǹkan bíi 3.5 MB ló pọ̀ jù tí Zorro II, irú Zorro tó wà nínú A2000, lè gbé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Skríìnì 640×480 tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ bit 16 jẹ́ báìtì 614,400, tí processor bá ní kóun máa kó gbogbo ẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, kò ní lè yà á tó ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí irú káàdì yìí fi máa ń ní blitter tiẹ̀ nínú FPGA, processor á kàn sọ pé "kun ibí yìí" tàbí "gbé window yìí lọ sọ́hùn-ún", káàdì á sì ṣe é fúnra ẹ̀.

Ibi tó ti ń ba àwọn tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́rù, tó sì yẹ kó bà yín lẹ́rù lóòótọ́, ni ti iná. Volt 5 ni Zorro ń sọ, FPGA Spartan-6 tó wà lórí VA2000 ò sì lè gba ju volt 3.3 lọ. Àwọn chip kan ló máa ń dúró láàárín tí wọ́n ń sọ 5 di 3.3, ẹsẹ̀ wọn sì sún mọ́ra bí eyín kóòmù. Mo ti jó ọ̀kan rí tí mo rò pé ó mọ́ tónítóní, mo ti káàdì bọnú slot, skríìnì dúdú kirikiri, mo rò pé mo ti pa kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, àyà mi là gààrà. Nígbà tí mo wò ó lábẹ́ gíláàsì, léèdì tín-ín-rín bí irun ló so ẹsẹ̀ méjì pọ̀, ó sì di ojú ọ̀nà dátà pa fún gbogbo kọ̀ǹpútà. Flux (oje tó ń jẹ́ kí léèdì ṣàn) àti áyọ́ọ̀nù ni mo fi mú un kúrò. Látìgbà náà, kò sí káàdì tí mo ń fi sínú slot láìjẹ́ pé mo ti fi mítà wò ó láàárín volt 5 àti ground, volt 3.3 àti ground, kí n tún wá wo ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá nǹkan kan so wọ́n pọ̀. Ó máa ń gba àkókò, ẹ fara dà á.

Tẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà tó sì gbéra, ẹ má tíì fi driver sí i. Ẹ ṣí ShowConfig lórí Workbench. Tí Autoconfig, ètò tí Amiga fi ń dá káàdì mọ̀ fúnra ẹ̀, bá ti rí káàdì yín, ẹ máa rí nọ́mbà ẹni tó ṣe é, nọ́mbà káàdì fúnra ẹ̀ àti àyè tó gbà nínú mẹ́mọ́rì. Tí kò bá sí níbẹ̀, wàhálà ẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ driver, ẹ padà sídìí léèdì.

Kí n tó gbàgbé, ẹ ṣí A2000 yẹn lónìí kẹ́ ẹ wo bátìrì tó wà nítòsí processor. Tó bá jẹ́ èyí tó bá a wá ni, ẹ gé e kúrò kíákíá, omi tó ń jò lára ẹ̀ máa ń jẹ ojú ọ̀nà kọ́pà orí bọ́ọ̀dù, títí kan ìdí slot tẹ́ ẹ fẹ́ ki káàdì bọ̀ yẹn.