Kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ tó ń ka cadence: sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ tó ní wáyà, tówó rẹ̀ kò pọ̀, àbí kí ẹ tọ́jú owó de èyí tó ní GPS, nígbà tó jẹ́ pé cadence, ìyẹn iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń yí pẹ́dàlì po ní ìṣẹ́jú kan, gan-an lẹ fẹ́ máa wò. Tó bá jẹ́ cadence ni, GPS ò kàn yín. Sátẹ́láìtì lè sọ ibi tí ẹ wà àti bí ẹ ṣe ń sáré tó, ṣùgbọ́n kò lè mọ bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń yí pẹ́dàlì po. Sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ kẹ̀kẹ́, ló ń ka ìyẹn, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà olówó gọbọi ni kì í sì í bá sẹ́ńsọ̀ náà wá nínú páálí. Ẹ yẹ páálí wò kí ẹ tó sanwó.

Mo ti lo oríṣi sẹ́ńsọ̀ méjèèjì. Ti àtijọ́ ń lo mágínẹ́ẹ̀tì: mágínẹ́ẹ̀tì á wà lára apá pẹ́dàlì, sẹ́ńsọ̀ á wà lára irin tó wà lẹ́bàá wíìlì ẹ̀yìn, gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá ti kọjá lára èkejì, ó di ẹyọ kan. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mìlímítà díẹ̀ péré ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Lójú ọ̀nà gbágungbàgun, okùn ike tó dè é á dẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á yẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà á sì di òdo níbi tí ẹ ti ń pọ́n òkè lọ́wọ́, tí ẹ nílò rẹ̀ jù lọ. Ìyẹn sú mi. Tó bá sì jẹ́ oníwáyà, ẹ rí i dájú pé wáyà náà gùn dé ẹ̀yìn. Èyí tí wáyà rẹ̀ mọ sí wíìlì iwájú, eré nìkan ló ń kà.

Oríṣi kejì ò nílò mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó dè é mọ́ inú apá pẹ́dàlì òsì, òun fúnra rẹ̀ á sì mọ̀ pé òun ń yí. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Èyí ni mo fọwọ́ sí. Ẹ ṣáà fọwọ́ yí pẹ́dàlì po kí ẹ tó gùn ún, nítorí àwọn kẹ̀kẹ́ kan wà tí àyè tó wà láàárín apá pẹ́dàlì àti irin wọn há, sẹ́ńsọ̀ á máa ha irin.

Ẹ wá sẹ́ńsọ̀ tó ní Bluetooth àti ANT+ pọ̀; ọ̀nà méjì tí sẹ́ńsọ̀ fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láìlo wáyà ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń lo Bluetooth, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fóònù tó wà lápò á ti gbà á, kọ̀ǹpútà á sì máa ní òun ò rí nǹkan kan. ANT+ kò ní wàhálà yẹn.

Ti ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí nọ́ńbà cadence tóbi, kí ó sì wà lójú kan náà pẹ̀lú eré. Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì kí ẹ tó rí i, ẹ ò ní wò ó.

Ẹ sì wá ibi tí wọ́n ti ń yọ òdo kúrò nínú ìṣirò ìpíndọ́gba cadence lórí kọ̀ǹpútà náà. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè láìfẹsẹ̀ wa pẹ́dàlì, òdo ni sẹ́ńsọ̀ ń kà. Tí wọ́n bá ro òdo wọ̀nyẹn mọ́ ọn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí ní 85 lè rí 70 nígbẹ̀yìn, kí ó máa rò pé òun ò tíì ṣe tó.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mí lógún ni orúnkún. Gíà tó le ni mo máa ń fi gun òkè tẹ́lẹ̀, iwájú orúnkún mi sì máa ń ro mí. Láti ìgbà tí mo ti ń wo cadence, mo ń yí gíà padà kí nọ́ńbà tó já wálẹ̀ sí 70, ìrora náà sì lọ. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje sábà máa ń wà láàárín 80 sí 100, ṣùgbọ́n ẹ má fi ipá lé e. Ẹ fi márùn-ún kún èyí tó ti mọ́ yín lára, kí ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ yín lọ́rùn kí ẹ tó tún fi kún un.

Tówó ò bá tíì tó, ẹ ka iye ìgbà tí orúnkún ọ̀tún gòkè ní ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ ó ti mọ ibi tí ẹ wà kí sẹ́ńsọ̀ tó dé.