Ẹ má dúró kí ó gbó: èsì nípa ojú bàbá tó ti funfun

Ẹ kú àníyàn bàbá. Ẹ ní ojú ọ̀tún wọn ti funfun báláú, ẹ sì ń béèrè bóyá ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi yọ cataract náà (ìyẹn dígí àbínibí inú ojú tó ti di funfun) tàbí ọwọ́.

Ojú òsì tèmi rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Dókítà tí mo kọ́kọ́ bá ní kí n padà sílé títí yóò fi gbó, àfi bí ẹni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó wà nínú ojú mi. Mo dúró fún ọdún méjì. Ó gbó lóòótọ́, ó wú, ó sì dí ọ̀nà tí omi inú ojú ń gbà jáde, tí orí fífọ́ àti èébì fi dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí mo sì ń lo oògùn ibà. Nígbà tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ náà, àpò tín-ín-rín tó di cataract mú ti le tantan. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kàn án ni ó fà ya dé ẹ̀gbẹ́. Dígí àtọwọ́dá tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ kò ríbi jókòó, wọ́n dì mí lójú, wọ́n ní kí n máa lọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń ríran bí ẹni tó lajú nínú odò, kí wọ́n tó fi dígí náà sí i, owó kejì sì ni mo san. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó gbọ́ pé aró búlúù kan wà, trypan blue, tí wọ́n ń fi kun àpò náà kí ó lè hàn nínú ojú tó funfun. Ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ aláwòrán tó ń lo ìró (ultrasound) wo ẹ̀yìn ojú, nítorí pé cataract funfun kò jẹ́ kí dókítà rí ibẹ̀, bí ẹ̀yìn ojú bá sì ti bàjẹ́, iṣẹ́ abẹ nìkan kò lè dá ìríran padà.

Ǹjẹ́ bàbá ń lo oògùn tamsulosin nítorí ìtọ̀ tí kò dà dáadáa? Bí wọ́n tilẹ̀ ti dá a dúró, ẹ sọ fún oníṣẹ́ abẹ, torí ó máa ń jẹ́ kí awọ dúdú inú ojú rọ wọ̀ọ̀.

Ní ti ẹ̀rọ, bí cataract bá ti le gan-an, agbára tí ẹ̀rọ yóò lò lè ṣe awọ iwájú ẹyinjú léṣe. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa tó. Bí bàbá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ súgà, ẹ ti mọ̀ pé ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ gbọ́ ìyẹn náà. Bí ojú náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá, tí wọ́n ń bì, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.