Ìbéèrè Yín: «Greenhouse» tàbí «green house»?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín láti Kétu. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa níléèwé, Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kún un ni. Nígbà tí mo ka «hothouse» àti «shepherd» sókè, mo pa t àti h pọ̀ di ìró kan, mo sì pe ph bí f; olùkọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní bí mo ṣe pe «greenhouse», ilé tí a kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni mo wí, kì í ṣe ilé onígíláàsì tí wọ́n ń gbin nǹkan sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣì?

ÌDÁHÙN: Ọmọ wa, àṣìṣe méjì ni. Nínú Yorùbá, bí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé, ààlà wọn sábà máa ń parẹ́: «pa» àti «ẹja» di «pẹja», sílébù mẹ́ta sì di méjì. «Hot» àti «house» kò ṣe bẹ́ẹ̀. T wà lọ́dọ̀ «hot», h wà lọ́dọ̀ «house», orí ìwé nìkan ni wọ́n ti fara kanra. «Sheep» àti «herd» ló bí «shepherd», ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lẹ́nu débi pé h rẹ̀ ti kú, p nìkan ló ń dún.

Èkejì ló ṣòro fún wa jù. Ohùn tiwa wà lórí sílébù kọ̀ọ̀kan, òun ló ya «ọkọ́» sọ́tọ̀ sí «ọkọ̀», kò sì sí sílébù tó ń tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, sílébù kan máa ń wúwo, ó ń gùn, ó sì ń dún sókè ju ìyókù lọ, tí fáwẹ́lì èyí tí kò wúwo á fi rọ, bíi ti «man» inú «postman». Faransé ń gbé ìwúwo yìí sí ìparí àpólà ọ̀rọ̀, mo sì fura pé àṣà yẹn lo gbé wọ «greenhouse». Bí ọ̀rọ̀ méjì bá di orúkọ ohun kan ṣoṣo, èyí àkọ́kọ́ ló sábà máa ń wúwo. Bí «green» bá kàn ń sọ àwọ̀ ilé, «house» ló wúwo.

Má wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ o. Ọ̀rọ̀ méjì ni «English teacher»: bí «English» bá wúwo, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, bí «teacher» bá wúwo, olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò tẹ̀ lé òfin yìí délẹ̀, nítorí «Oxford» ló wúwo nínú «Oxford Street», ṣùgbọ́n nínú «Oxford Road», «Road» ni.