Ẹ Bi Màmá Ewéko: Ta ni ewé ń ṣe òróró rẹ̀ fún?

Lẹ́yìn tí mo kọ̀wé lórí òórùn òdòdó nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, lẹ́tà yín pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ. Mo ṣa àwọn tó jẹ mọ́ òróró olóòórùn, ìyẹn òróró tó máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, tí kì í fi àbàwọ́n sílẹ̀ lórí bébà bí òróró ìdáná ti ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé pé torí imú wa ni míǹtì ṣe ń ta sánsán, mo kí yín o, ṣùgbọ́n ewéko ti ń ṣe òróró kí èèyàn tó dáyé. Ọ̀tá ni wọ́n ń ṣe é dè.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì. Bí mo bá dúró ti ẹfinrin, òórùn rẹ̀ kì í tó nǹkan. Àmọ́ bí mo bá ti fọwọ́ rún ewé kan báyìí, gbogbo yàrá á gbà á kan. Kí ló dé tí kì í tú u jáde nígbà gbogbo? Kí ló sì ń fi ṣe gan-an?*

Ọmọ mi, ìdáhùn kan náà ló wà fún méjèèjì. Májèlé ni òróró yẹn, ewéko náà ò sì fẹ́ kó pa òun.

Bí o bá rí maikirosíkópù lò ní láàbù yín, mú ewé ẹfinrin tàbí ti míǹtì, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wàá rí irun wínníwínní. Àwọn kan gùn, wọ́n rí ṣóńṣó. Àwọn mìíràn kúrú, orí wọn sì rí roboto. Inú orí roboto yẹn ni iṣẹ́ ti ń lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ń ṣe òróró, wọ́n sì ń tì í jáde kúrò nínú ara wọn, sínú àlàfo kan tó wà lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó bò wọ́n. Ibẹ̀ ló máa wà, kò kan nǹkan kan. Bí kòkòrò bá wá fi ẹnu kàn án, awọ fẹ́lẹ́ yẹn á bẹ́, òróró á sì tú sí i lẹ́nu. Ìgbà tí o fi ìka rún ewé, ewé ò mọ̀ pé kì í ṣe kòkòrò ni ọ́.

Kì í ṣe irun nìkan ni ewéko fi ń pa á mọ́. Èèpo ọsàn ní àpò tirẹ̀, àwọn àmì tó-tò-tó tí ojú lásán ń rí lára rẹ̀ nìyẹn. Gbé ewé yúkálíptọ́sì sókè kọjú sí oòrùn, wàá rí àpò bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ láti inú wọn. Igi páìnì ní ojú ọ̀nà tóóró tóóró tó gba inú igi já, inú wọn ni oje rẹ̀ ń gbà. Atalẹ̀ ní tirẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì tó yà sọ́tọ̀, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó gba òróró sínú. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí mo ń kọ́ni pé bí ẹ bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe léwu tó, ẹ wo bí ẹni tó ni ín ṣe ń tì í mọ́lé.

Nípa ohun tó ń fi ṣe: bí òróró náà bá kan ebu tàbí bakitéríà, ó máa ń wọ inú ọ̀rá tó wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì wọn, awọ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ohun tó yẹ kó wà nínú á máa sun jáde. Ti kòkòrò yàtọ̀ díẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn òróró wọ̀nyí ló ń da iṣan ìmọ̀lára wọn rú. Ẹfinrin tìrẹ yẹn, oríṣi kan wà tí kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní tímọ́ọ̀lì pọ̀ nínú òróró rẹ̀, òmíràn wà tó jẹ́ pé kẹ́míkà mìíràn, yújẹ́nọ́ọ̀lì, ló pọ̀ nínú tirẹ̀, èyí tí òórùn kànáfùrù ti wá. Tímọ́ọ̀lì kan náà ni àwọn tó ń sin oyin ń lò láti pa Varroa, kòkòrò kékeré tó máa ń lẹ̀ mọ́ oyin lára. Wọ́n ní láti ṣọ́ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, torí bí ó bá pọ̀ jù, oyin náà á jìyà ẹ̀. Nínú èèpo ọsàn, kẹ́míkà tó ń jẹ́ límónínì ni ó lé ní ìpín 90 nínú 100 òróró rẹ̀, wọ́n sì ń fi òun náà ṣe oògùn kòkòrò.

*Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Mo gbin míǹtì kan sábẹ́ igi, mo gbin èkejì síbi tí oòrùn ń pa. Ti abẹ́ igi fẹ̀ ní ewé, ó tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò tó ti èkejì rárá. Mo rò pé èyí tí ara rẹ̀ dá ló yẹ kó ta sánsán jù.*

Bàbá, owó ńlá ni òróró ń ná ewéko. Ṣúgà tí ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ni ó máa fi ṣe é, òróró díẹ̀ sì ń jẹ ṣúgà púpọ̀. Níbi tí oòrùn kò tó, ìwọ̀nba tó bá rí ni ó ń ná sórí ewé fífẹ̀, kó lè wá ìmọ́lẹ̀ kún un. Irun olórí roboto tó wà lára rẹ̀ náà á sì dín kù. Ẹ tún mọ̀ pé ìgbà tí ewé míǹtì ṣì kéré, tó ń dàgbà lọ, ló ń kún àpò rẹ̀. Bí ó bá ti gbó, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe òmíràn mọ́. Ẹ gbé e bọ́ síta oòrùn, kí ẹ wo àwọn ewé tuntun tó bá yọ. Ẹ má retí nǹkan kan lọ́dọ̀ àwọn ti àtijọ́.

*Màmá wa, wọ́n ní ewéko ń fi òórùn bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni. Ẹ bá wa dá a.*

Ẹ̀yin méjèèjì ló gba ẹ̀tọ́ níbì kan. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dá mi lójú.

Ní 1990, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ted Turlings, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àgbàdo. Bí ìdin àfòpiná bá ń jẹ ewé àgbàdo, láàárín wákàtí mélòó kan, àgbàdo náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn kẹ́míkà kan sínú afẹ́fẹ́. Ẹbí kan náà ni wọ́n jẹ́ pẹ̀lú ti inú òróró olóòórùn, àmọ́ wọn kò sí nínú àpò tẹ́lẹ̀, tuntun ni ewé ń ṣe wọ́n. Agbọ́n kékeré kan á gbọ́ òórùn yìí, á wá ìdin náà rí, á sì yé ẹyin sí i nínú. Ọmọ agbọ́n á wá jẹ ìdin yẹn láti inú wá. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé bí wọ́n bá kàn fi abẹ gé ewé, òórùn yẹn kò jáde bó ṣe yẹ. Ìgbà tí wọ́n fi itọ́ ìdin sí ojú egbò ni àgbàdo dáhùn. Ó mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n tún rí i pé àwọn ewé tí ìdin kò tíì dé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú òórùn.

Ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2005, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé bí ìdin kòkòrò bá ń jẹ gbòǹgbò àgbàdo, gbòǹgbò náà máa ń tú kẹ́míkà olóòórùn kan tó ń jẹ́ karifílínì sínú iyẹ̀pẹ̀, àwọn aràn wínníwínní á sì tẹ̀ lé òórùn náà wá pa ìdin yẹn. Àgbàdo ilẹ̀ Yúróòpù kan àti baba ńlá rẹ̀ tó jẹ́ koríko ìgbẹ́ ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ oríṣi tí wọ́n ń gbìn ní Amẹ́ríkà ti pàdánù rẹ̀, torí pé bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa irúgbìn tó so dáadáa láti ìran dé ìran, kò sí ẹni tó ń bi gbòǹgbò pé báwo ni òórùn rẹ. Ní 2009, wọ́n mú jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ kí ewéko lè ṣe karifílínì, láti ara oregáno, ewéko olóòórùn kan, wọ́n fi sínú oríṣi tó ti pàdánù tirẹ̀. Wọ́n gbìn ín sóko. Gbòǹgbò rẹ̀ kò bàjẹ́ tó ti àwọn yòókù, iye àgbà kòkòrò tó jáde láti inú ilẹ̀ sì fi ìpín 60 nínú 100 dín kù. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ìtàn lásán ni òórùn ewéko, ẹ sọ èyí fún un.

Ọ̀rọ̀ ewéko sí ewéko wá ńkọ́? Ní 1997, wọ́n rí i pé tábà tí àrùn mú máa ń tú kẹ́míkà kan jáde, òun ni ó wà nínú ìpara tí a fi ń pa ara ríro. Tábà tó wà nítòsí á fà á símú, á sọ ọ́ di kẹ́míkà tó ń gbé ààbò ara dìde, àrùn yẹn kò sì ní rọrùn láti mú un. Ṣùgbọ́n ẹ má pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹni tó gbọ́ tí aládùúgbò rẹ̀ ké olè, tó yára ti ilẹ̀kùn, kì í ṣe pé aládùúgbò yẹn bá a sọ̀rọ̀. Tirẹ̀ ló ń ké. Ojú tí mo fi ń wò ó nìyẹn, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ mi ò gbà.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti gba ẹ̀tọ́ ni pé ìtàn tó dùn máa ń sáré ju ẹ̀rí lọ. Igbó kéékèèké kan wà ní Kalifọ́níà, Salvia leucophylla lorúkọ rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gbóná. Koríko kì í hù yí i ká, ilẹ̀ á gbófo tó mítà kan sí méjì. Ní 1964, onímọ̀ ewéko kan, C. H. Muller, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní òróró inú afẹ́fẹ́ ni ó ń pa koríko. Ìwé ẹ̀kọ́ gbà á, àwa olùkọ́ kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 1970, onímọ̀ mìíràn, Bartholomew, fi àgò onírin bo apá kan ilẹ̀ òfìfo yẹn. Koríko hù nínú àgò! Eku, ehoro àti ẹyẹ tó ń sá pamọ́ sábẹ́ igbó ló ń jáde wá jẹ irúgbìn àti koríko tó ń hù, tí wọn kì í sì í rìn jìnnà torí ẹ̀rù. Òróró yẹn lè dí irúgbìn lọ́wọ́ nínú láàbù, lóòótọ́. Bí ẹ bá gbọ́ pé òórùn igi kan ń pa igi kejì, ẹ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti gbé àgò bò ó wò.

*Bí òróró bá lágbára tó báyìí, kí ló dé tí kòkòrò ṣì ń jẹ igi páìnì kú?*

Torí ọ̀tá náà ń kọ́ ìjà. Bí kòkòrò bá lu èèpo páìnì, oje á ṣàn wá pàdé rẹ̀, á bò ó mọ́lẹ̀. Apá tó fúyẹ́ nínú oje yẹn, tí wọ́n ń pè ní tápẹ́ńtáìnì, á fẹ́ lọ, èyí tó kù á le gbagidi, á sì dí egbò. Kòkòrò kan ṣoṣo kì í sábà là á já. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á mú páínínì, kẹ́míkà kan nínú oje yẹn, wọ́n á yí i padà nínú ara wọn sí òórùn mìíràn tí wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ wọn. Ohun ìjà igi ti di ìpè àpèjọ. Wọ́n á ya dé lọ́gọ̀ọ̀rọ̀, oje igi á tán, pàápàá tí ọ̀dá bá ti kọ́kọ́ dá igi náà lágara. Kòálà, ẹranko orí igi kan ní Ọsirélíà, náà ń jẹ ewé yúkálíptọ́sì tí yóò ṣe ọ̀pọ̀ ẹranko léṣe, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń tú májèlé rẹ̀ palẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣì máa ń yan ewé jẹ.

Ohun ìjà tó mú jù kì í sì í ṣe èyí tó dára jù níbi gbogbo. Ní gúúsù Faransé, ní àyíká Saint-Martin-de-Londres, ewéko táìmù kan náà pín sí oríṣi mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí òróró wọn ṣe rí. Àwọn tó ń ṣe tímọ́ọ̀lì àti kaafákírọ́ọ̀lì, kẹ́míkà kan tó jọ ọ́, kò lè fara da òtútù yìnyín tó le, orí òkè tó móoru ni wọ́n máa ń wà. Àwọn tí òróró wọn kò ta tó bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ìsàlẹ̀ níbi tí òtútù ń kóra jọ sí. Bí òtútù líle wọ̀nyẹn ṣe dín kù láti ọdún 1980 sókè, àwọn onítímọ́ọ̀lì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìsàlẹ̀.

*Màmá, mo ní òróró míǹtì nínú ìgò kékeré. Ṣé mo lè da á sára àwọn ohun tí mo gbìn kí kòkòrò lè sá? Ẹnì kan tún ní kí n máa mu ún ní kíkán méjì láràárọ̀.*

Ẹ má dà á bẹ́ẹ̀, á jó ewé. Ewé tó ni ín gan-an kò jẹ́ kó kan òun lára, kí ni ti ewé ẹlòmíràn? Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ là á, kí ẹ fọ́n ọn sí ewé kan ṣoṣo, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ tí oyin ti wọlé. Kò ní pẹ́ tí yóò fi fẹ́ lọ, ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó.

Ti mímu, rárá. Kìlógíráàmù kan òróró róòsì ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlógíráàmù ìtànná, ẹ wá fojú inú wo bí ohun tó wà nínú ìgò yín ṣe ki tó. Bí ológbò bá wà nínú ilé yín, ẹ má fi òróró náà pa á lára, ẹ má sì gbé e síbi tó ti lè tẹ̀ ẹ́ kó wá lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè palẹ̀ òróró báyìí mọ́ bí tiwa.